Fídíò ìrìn inú ilé láti inú àwòrán kọ̀ǹpútà: kó lọ geere, kó má sì pa láptọ́ọ̀pù

Ọmọ Ìyàrà (Ọjọ́ Ajé, alẹ́)

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi tí mo fẹ́ kó dára gan-an. Ìlú wa fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn ìpàdé tuntun, èmi ni wọ́n sì ní kí n ya á. Pláànù ti wà nílẹ̀, mo ti gbé ilé náà dìde nínú SketchUp, mo sì ti kó o wọ inú Blender (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya ilé tó ṣeé yí wò ni méjèèjì). Fídíò ló kù: kámẹ́rà á gba géètì wọlé, á gun àtẹ̀gùn iwájú, á gba gbọ̀ngàn já dé orí pèpéle, á yà sí yàrá àwọn àgbà, á wo ilé ìtọ̀, á sì jáde síbi ìgbọ́kọ̀sí. Àwọn àgbà nílé ló máa kọ́kọ́ wò ó. Lẹ́yìn náà a ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó, Àbújá àti òkè òkun, torí owó tí wọ́n bá dá la máa fi kọ́ ọ.

Fídíò tí mo ní báyìí kò lọ geere. Tí kámẹ́rà bá dé kọ̀rọ̀, á já lójijì, ògiri á sáré kọjá lójú ẹni. Bàbá kan tó wò ó ní òyì ń kọ́ òun. Àga 400 ló wà nínú gbọ̀ngàn, igi wà níta, òkè wà lẹ́yìn, fáìlì sì ti wúwo débi pé bí mo bá yí ilé náà lójú kọ̀ǹpútà, ó máa ń dúró pẹ́ kó tó jẹ́ mi lóhùn. Láptọ́ọ̀pù mi ní RAM 8 GB, kò ní káàdì àwòrán tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ iná, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ayàwòrán Kàbà

Ọ̀kun o, àbúrò. Má tíì fọwọ́ kan render (kí kọ̀ǹpútà ya àwòrán tó gbẹ̀yìn), má sì tíì ra nǹkan kan. Ìwọ̀n ni kí o kọ́kọ́ fún wa. Mítà mélòó ni ọ̀nà tí kámẹ́rà rẹ ń tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Ìṣẹ́jú-àáyá mélòó sì ni fídíò náà?

Mo ń béèrè nítorí pé púpọ̀ nínú fídíò ilé tí mo ń rí, eré ni kámẹ́rà ń sá nínú wọn. Ẹni tó ń lọ jẹ́jẹ́ lójú títì máa ń rìn tó mítà 1.3 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó ń wo ilé kì í yára tó bẹ́ẹ̀, torí ó ń gbójú sókè wo àjà, ó ń wo fèrèsé, ó ń wo ilẹ̀. Mítà 0.8 sí mítà 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ló bá inú ilé mu. Gíga kámẹ́rà náà ṣe pàtàkì: mítà 1.6 sí ilẹ̀, ojú ènìyàn nìyẹn, kó má sì máa lọ sókè sódò àfi tí ó bá ń gun àtẹ̀gùn.

Fún wa ní nọ́ńbà méjèèjì ká tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ọmọ Ìyàrà

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo wọ̀n ọ́n nínú Blender: mítà 85 ni ọ̀nà náà, fídíò sì jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 40. Ibi tí kámẹ́rà ti yà sí yàrá àwọn àgbà, ìyípo ìwọ̀n 90 ló ṣe láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ayàwòrán Kàbà

Mítà 85 pín sí 40, ó lé díẹ̀ ní mítà 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò sí àgbàlagbà tó ń rìn bẹ́ẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Òyì tó kọ́ bàbá yẹn, ibẹ̀ ló ti wá, ìyípo yẹn ló sì wá bù kún un.

Ní ti ìyípo, àwọn tó ń ya fíìmù ní òfin kan: ohun tó bá yọ ní etí kan àwòrán, kó lo nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 7 kó tó jáde ní etí kejì. Lẹ́ńsì 28 mm ń rí nǹkan bí ìwọ̀n 65 láti ọ̀tún sí òsì. Bí o bá tẹ̀ lé òfin yẹn gẹ́lẹ́, ìyípo 90 á gba bí ìṣẹ́jú-àáyá 10. Bí kámẹ́rà bá ń rìn bó ṣe ń yí, o lè dín in kù sí 5 tàbí 6, ojú ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Àmọ́ ìṣẹ́jú-àáyá kan? Rárá o.

Àǹtí Fídíò, Ìsánlú

Ẹ kú ìjókòó. Ohun tí ẹ̀gbọ́n Kàbà sọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ń gbé wa lọ. Mítà 85 ní mítà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, fídíò náà di ìṣẹ́jú-àáyá 85. Bí a bá ń lo fírémù (àwòrán ẹyọ ẹyọ tó ń di fídíò) 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, fírémù 2,550 nìyẹn, láptọ́ọ̀pù tí kò ní káàdì ló sì máa ya gbogbo wọn. Nínú ìṣẹ́jú-àáyá 85 yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn èèyàn ó máa wò.

Àbúrò, gé e. Kò sí òfin tó ní kámẹ́rà gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rìn dé ibi gbogbo. Mú bébà, kọ ohun tí àwọn àgbà fẹ́ rí sílẹ̀: iwájú ilé, inú gbọ̀ngàn, pèpéle, yàrá àwọn àgbà, ilé ìtọ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ya ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí 8, kí kámẹ́rà máa sún díẹ̀díẹ̀, mítà méjì mẹ́ta péré, kí o wá gé lọ sí òmíràn. Ní ibi iṣẹ́ wa, a kì í jẹ́ kí oníbàárà tẹ̀ lé kámẹ́rà gba ẹnu ilẹ̀kùn kọjá bí kò bá nídìí. Ẹnu ilẹ̀kùn máa ń kún ojú àwòrán, férémù rẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá fìrì, ibẹ̀ gan-an ni ojú ti máa ń rẹ èèyàn.

Àǹfààní ẹ̀ṣẹ̀kẹsẹ̀ ni pé fídíò kọ̀ọ̀kan á dá dúró. Bí àwọn àgbà bá ní kí o yí àwọ̀ yàrá wọn padà, yàrá yẹn nìkan ni wàá tún yà.

Bíríkìlà Mọ̀pà

Àǹtí, ẹ máà bínú, mi ò fara mọ́ gbogbo rẹ̀.

Ilé ni mo ń kọ́, mi ò kì í ya àwòrán, àmọ́ mo ti jókòó ti àwọn àgbà níbi tí wọ́n ti ń fi irú fídíò yìí hàn wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ka pláànù. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni: "Ṣé obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n á lè dé ilé ìtọ̀ láìgba iwájú pèpéle kọjá?" "Níbo ni òkú á gbà wọlé bí a bá fẹ́ tẹ́ ẹ sí gbọ̀ngàn?" Bí fídíò bá ń gé láti ibì kan dé ibòmíràn, wọn ò ní mọ bí yàrá kan ṣe bá èkejì tan. Wọ́n á rí yàrá tó dára, wọn ò ní mọ̀ bóyá apá òsì ló wà tàbí ọ̀tún. Ìrìn tí kò já ló ń fi bí ilé ṣe rí yé ẹni tí kò mọ pláànù.

Àǹtí Fídíò, Ìsánlú

Bíríkìlà, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ẹ jẹ́ ká pa méjèèjì pọ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán ilé láti òkè, kí a ti ṣí òrùlé kúrò, kí gbogbo yàrá hàn, kí a kọ orúkọ wọn sí i. Àwòrán ẹyọ kan ni, kò ní ìrìn, a kàn máa fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 4. Lẹ́yìn náà ìrìn gígùn kan ṣoṣo, láti ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn iwájú dé orí pèpéle, kò gbọdọ̀ já. Àwọn yòókù lè jẹ́ kéékèèké. Kí kékeré kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, kí pláànù yẹn tún yọ díẹ̀, kí àmì pupa wà níbi tí a ń lọ.

Bíríkìlà Mọ̀pà

Ìyẹn dáa. Ẹ jẹ́ kí orúkọ yàrá wà ní Yorùbá o.

Ọmọ Ìyàrà

Ẹ ṣeun púpọ̀. Láti ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn dé pèpéle jẹ́ mítà 28. Ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 28. Kéékèèké mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 5, ìyẹn 20. Fírémù tí mo máa yà á di 1,440.

Ẹ̀gbọ́n Kàbà, báwo ni mo ṣe máa mú ìrìn mítà 28 yẹn lọ láìjá? Ní báyìí, gbogbo mítà méjì ni mo fi keyframe (àmì tó ń sọ ibi tí kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà ní àkókò kan) kan sí, kí kámẹ́rà má bàa ṣìnà.

Ayàwòrán Kàbà

Àwọn keyframe yẹn ló ń já a. Tí o bá fi ọwọ́ gbé kámẹ́rà kalẹ̀ ní ibi mẹ́rìnlá, kò sí bí àlàfo àárín wọn á ṣe dọ́gba. Yóò yára níhìn-ín, yóò falẹ̀ lọ́hùn-ún, orí rẹ̀ yóò sì máa mì. Pa gbogbo wọn rẹ́.

Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Fa Curve (ìlà ọ̀nà) kan sí ilẹ̀ gbọ̀ngàn, kí kókó orí rẹ̀ mọ sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí kọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe róbótó. Gbé e sókè sí mítà 1.6. Fún kámẹ́rà ní Follow Path kó lè máa tọ ìlà náà, mú Curve yẹn, kí o tẹ Fixed Position. Rí i pé ipò kámẹ́rà fúnra rẹ̀ wà ní òdo (Alt+G), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà dípò orí ọ̀nà. Keyframe méjì péré ni wàá fi sí Offset Factor (ibi tí kámẹ́rà dé lórí ọ̀nà): 0 ní ìbẹ̀rẹ̀, 1 ní òpin.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró síbẹ̀, fídíò wọn sì tún máa ń yára ní àárín. Ìdí rẹ̀ ni pé bí Blender ṣe máa ń so keyframe méjì pọ̀ fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń gbéra, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, eré àárín ọ̀nà máa ń di ìlọ́po kan ààbọ̀ eré tí o ṣírò. O rò pé mítà kan ni, mítà 1.5 ló ń sá ní iwájú àwọn àga. Lọ sínú Graph Editor, jẹ́ kí ìlà náà tọ́ gbọnrangandan láti ìṣẹ́jú-àáyá kejì títí dé ìṣẹ́jú-àáyá tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn, kí ìgbéra àti ìdúró nìkan rọra tẹ̀.

Ojú kámẹ́rà ńkọ́? Má fi ọwọ́ yí i. Gbé Empty (àmì tí kì í hàn nínú fídíò) kan kalẹ̀, fún kámẹ́rà ní Track To sí i kó lè máa kọjú sí i, kí Empty náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Kí Empty máa ṣáájú kámẹ́rà. Bí kámẹ́rà bá kù bíi mítà mẹ́ta kó dé kọ̀rọ̀, kí Empty ti yà. Ẹ wo obìnrin tó ru omi bọ̀ láti odò: ojú rẹ̀ ti wo ibi tó fẹ́ yà sí kó tó yà, ọrùn rẹ̀ kì í ta, omi kì í sì í dànù. Bí ìrìn kámẹ́rà ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn.

Ṣọ́ra kí Empty má súnmọ́ kámẹ́rà jù. Bí ó bá wọ mítà kan sí i, ìṣísẹ̀ kékeré á di ìyípo ńlá. Mítà 4 sí 6 ló dáa.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, SketchUp nìkan ni mo mọ̀, wọ́n sì ń kọ́ wa ní Revit (ètò mìíràn fún yíya ilé) nílé ìwé. Ṣé a lè ṣe é níbẹ̀?

Ayàwòrán Kàbà

Ẹ lè ṣe é. Nínú SketchUp, Scene lẹ ó fi sàmì sí ojú ọ̀nà. Ẹ lọ sí ètò Animation, ẹ fi Scene Delay sí 0, kí kámẹ́rà má máa dúró lórí Scene kọ̀ọ̀kan. Kí àlàfo láàárín Scene sí Scene dọ́gba, torí pé àkókò kan náà ni yóò lò fún gbogbo wọn, yálà wọ́n jìnnà tàbí wọ́n súnmọ́ra. Nínú Revit, Walkthrough (fídíò ìrìn) máa ń jẹ́ fírémù 300. Bí ẹ bá gbé e jáde ní fírémù 15 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìṣẹ́jú-àáyá 20 ni. Ẹ fi kún fírémù náà dé bí ọ̀nà yín ṣe gùn tó, ẹ sì gbé e jáde ní 30.

Géèmù Lọ́kọ́jà

Mo kí gbogbo ilé. Géèmù orí fóònù ni mo ń ṣe, torí náà ọ̀rọ̀ ìwúwo ni tèmi.

Ọmọ Ìyàrà, tẹ Statistics nínú Blender kí o wo iye ojú (pẹlẹbẹ kéékèèké tó para pọ̀ di àga) tí àga kan ní. Àga tí a gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè ní 18,000. Ní ọ̀nà 400, mílíọ̀nù 7.2 nìyẹn, fún àga nìkan. Kámẹ́rà rẹ kò sì ní súnmọ́ èyíkéyìí nínú wọn tó mítà kan.

Mú àga kan, fún un ní Decimate (ohun tó ń dín ojú kù) títí yóò fi kù bí 500, wò ó láti mítà méjì. Bí ojú rẹ kò bá rí ìyàtọ̀, ó parí. Kí o wá fi Alt+D ṣe ẹ̀dà rẹ̀, má lo Shift+D. Alt+D ń jẹ́ kí gbogbo àga 400 máa lo ara kan ṣoṣo nínú RAM. Shift+D ń dá ara tuntun fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní SketchUp, Component ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe Group. Kí o sì Purge fáìlì náà níbẹ̀ kó o tó kó o wá sí Blender, torí ohun tí o ti pa rẹ́ lójú ṣì máa ń fara pamọ́ sínú fáìlì.

Texture (àwòrán tí a lẹ̀ mọ́ ojú nǹkan) náà tún wà. Àwòrán táìlì tó jẹ́ 4096 ní 4096 máa ń gba MB 64 nínú RAM bó ti wù kí JPG rẹ̀ kéré tó, torí inú RAM ló ti ń tú ká. Ogún irú rẹ̀ ju GB kan lọ. Sọ ọ́ di 1024, ọ̀kọ̀ọ̀kan di MB 4, ogún di MB 80. Ilẹ̀ gbọ̀ngàn tí kámẹ́rà ń rìn lórí rẹ̀ ni kí o fi sílẹ̀ ní 2048. Àwọn yòókù, 1024 tó, òmíràn 512 tó.

Ní ti òkè ẹ̀yìn ilé, yọ ọ́. Mo mọ̀ pé àwọn òkè wa ló ń jẹ́ kí èèyàn mọ̀ pé ìlú wa nìyí, gbọ̀ngàn tí kò ní òkè lẹ́yìn kò jọ ti Ìjùmú. Nítorí náà, jáde lọ ya fọ́tò òkè gidi láti orí ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ kọ́ ilé sí, ní àárọ̀ tí ojú ọ̀run mọ́. Gé ojú ọ̀run kúrò lára rẹ̀, lẹ̀ ẹ́ mọ́ Plane kan ní ẹ̀yìn pátápátá. Òkè jìnnà, kámẹ́rà rẹ kò ju mítà díẹ̀ lọ níta, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé fọ́tò ni. Òkè tòótọ́ lẹ ó sì ní, dípò òkè tí kọ̀ǹpútà dá.

Èyí tó kù: nígbà tí o bá ń ya inú gbọ̀ngàn, pa igi ìta àti yàrá tí kámẹ́rà kò rí. Kó wọn sí Collection ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí o lè máa tan wọ́n kí o sì máa pa wọ́n.

Ọmọ Ìyàrà (Ọjọ́rú)

Ọ̀kun o. Mo ti ṣe é. Àga kọ̀ọ̀kan di 520. Fáìlì náà ń yí lójú kọ̀ǹpútà láìdúró báyìí, inú mi dùn gidigidi. Mo ya fọ́tò òkè náà láàárọ̀ yìí.

Mo dán fírémù kan wò ní Cycles (ọ̀nà ìyàwòrán Blender tó jinlẹ̀ ṣùgbọ́n tó falẹ̀), ó gba ìṣẹ́jú 3. Ẹ gbà mí níyànjú lórí ìyẹn àti iná.

Àǹtí Fídíò, Ìsánlú

Ìṣẹ́jú 3 lọ́nà 1,440 jẹ́ wákàtí 72. Jẹnẹrétọ̀ wo ló fẹ́ ṣe ìyẹn?

Dán EEVEE, ọ̀nà ìyàwòrán Blender tó yára, wò. Bí ó bá gba ìṣẹ́jú-àáyá 12 fún fírémù kan, kò ní tó wákàtí márùn-ún. Òjìji àti iná rẹ̀ kò ní jinlẹ̀ tó ti Cycles, àmọ́ fún gbọ̀ngàn tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń gba fèrèsé ńlá wọlé, ó tó. Fi àwòrán ẹyọ kan tàbí méjì tó o yà ní Cycles kún un fún ìwé ìkówójọ tí ẹ máa tẹ̀.

Má ṣe gbé e jáde tààrà sí MP4. Bí iná bá lọ ní fírémù 900, MP4 tí kò parí kì í sábà ṣí. PNG ni kí o yàn, fírémù kọ̀ọ̀kan á di fáìlì tirẹ̀. Nínú Output, mú àmì kúrò lórí Overwrite. Bí iná bá dé padà, tẹ Render Animation lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò fo gbogbo èyí tó ti yà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti 901. Wo fáìlì tó kẹ́yìn kó o tó bẹ̀rẹ̀, bóyá ààbọ̀ ló kọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, pa á rẹ́.

Kí o tó ṣe gbogbo ìyẹn, lo Viewport Render Animation. Yóò ya ìrìn náà láìsí iná tó dára, láìsí òjìji, kíá. Ìyẹn ni kí o fi han bàbá tí òyì kọ́. Bí òyì kò bá kọ́ wọn mọ́, o lè lọ ya èyí tó gbẹ̀yìn.

Géèmù Lọ́kọ́jà

Bí o bá ní ọ̀rẹ́ tó ní láptọ́ọ̀pù, pín in: tìrẹ 1 sí 720, tirẹ̀ 721 sí 1,440. Kí Blender yín jẹ́ ẹ̀yà kan náà. Lo Pack Resources kí o tó fún un ní fáìlì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ táìlì rẹ á di àwọ̀ pupa-àlùkò lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tó fi jẹ́ fírémù 30? Olùkọ́ wa ní 25 ni ti Nàìjíríà.

Àǹtí Fídíò, Ìsánlú

Olùkọ́ yín kò ṣìnà. Iná wa jẹ́ 50 Hz, PAL (ètò àwòrán tẹlifíṣọ̀n tó ń lo fírémù 25) ni tẹlifíṣọ̀n wa, 25 ló sì bá ìyẹn mu. Ṣùgbọ́n fóònù ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú máa fi wo fídíò yìí, ojú fóònù púpọ̀ sì ń tún ara rẹ̀ yà ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. 30 wọ inú 60 ní ẹ̀ẹ̀mejì gééré, fírémù kọ̀ọ̀kan á lo àkókò kan náà. 25 kò wọ̀ ọ́ dọ́gba: fírémù kan á pẹ́ díẹ̀, èkejì á yára, kámẹ́rà tó ń lọ geere á wá dà bí ẹni ń gbọ̀n. Nínú ìrìn tó falẹ̀ bíi tiwa, ojú máa ń rí i.

Ọmọ Ìyàrà (Ọjọ́ Ẹtì)

Bàbá wò ó, wọ́n ní ara àwọn balẹ̀. Mo ti ya fírémù 600 ní EEVEE. Nǹkan méjì ló ń dà mí láàmú. Páànù òrùlé ń tàn yẹ́ríyẹ́rí bí kámẹ́rà bá ti ń sún mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ ògiri kan ń yí láti funfun sí àwọ̀ eérú léraléra.

Géèmù Lọ́kọ́jà

Ti ògiri: ojú méjì ló wà ní ibì kan náà gẹ́lẹ́, kọ̀ǹpútà kò sì mọ èwo ló wà níwájú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìrẹ́ ògiri àti ògiri fúnra rẹ̀. Sún ìrẹ́ náà síwájú ní mílímítà 5, tàbí kí o pa èyí tó wà lẹ́yìn rẹ́. Gbé Clip Start kámẹ́rà (ibi tó súnmọ́ jù tó ti ń rí nǹkan) sókè díẹ̀ pẹ̀lú, kó tó mítà 0.2.

Ti páànù: ìlà rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù fún àwòrán rẹ, ìlà kan kò tó píkísẹ́lì kan. Bí o bá ya gbogbo ìlà páànù sí ara módẹ́ẹ̀lì, yọ wọ́n kúrò, fi òrùlé pẹlẹbẹ tó ní texture síbẹ̀. Fi kún Samples (iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń wo píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan) díẹ̀ fún fídíò ìta yẹn nìkan. Rélìn àtẹ̀gùn àti àwọ̀n ẹ̀fọn lójú fèrèsé náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọ̀n ẹ̀fọn, yọ ọ́ pátápátá.

Ayàwòrán Kàbà

Mo ní ohun kan láti sọ fún àbúrò mi, ó sì ká mi lára. Mo rí àwòrán tó fi sókè. Lẹ́ńsì tó lò nínú gbọ̀ngàn jẹ́ 18 mm. Lẹ́ńsì yẹn ń rí ìwọ̀n 90, ó sì ń mú kí pèpéle jìnnà réré, kí gbọ̀ngàn dà bíi pé ó gùn ju bó ti rí lọ dáadáa. Ẹni tó ń wò ó ní Èkó á rò pé ibẹ̀ gba ẹgbẹ̀rún èèyàn. Ó máa dáwó lórí ohun tó rí. Lọ́jọ́ tó bá délé wá ṣí gbọ̀ngàn, á wọlé, á máa wá ìyókù.

Padà sí 24 tàbí 28. Bí yàrá àwọn àgbà bá há fún 28, gbé kámẹ́rà sẹ́yìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, má fi lẹ́ńsì fẹ̀ ẹ́. Gbé ènìyàn mẹ́ta mẹ́rin tó ga tó mítà 1.7 síbẹ̀, kí ojú rí ohun tí a fi ń wọn ilé. Má fi koríko tútù àti òdòdó tí owó kò sí fún yí ilé ká. Bí owó òrùlé bá jẹ́ ti páànù lásán, páànù lásán ni kó wà nínú fídíò.

Bíríkìlà Mọ̀pà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àdúrà. Èmi ni wọ́n máa ń bá jà lórí ilẹ̀ tí ilé kò bá jọ fídíò.

Ọmọ Ìyàrà

Mo gbà, ẹ̀gbọ́n. 28 mm ni mo máa lò jálẹ̀. Àwọn fírémù inú gbọ̀ngàn tó ti jáde, mo máa tún wọn yà.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mọ bí mo ṣe máa so PNG pọ̀ àti bí mo ṣe máa fi ránṣẹ́. Tẹlifíṣọ̀n tó wà níbi ìpàdé àwọn àgbà ń gba flash.

Àǹtí Fídíò, Ìsánlú

O lè so wọ́n pọ̀ nínú Video Editing inú Blender. Bí o bá ní FFmpeg (ètò tó ń so àwòrán di fídíò), ìlà kan ni:

ffmpeg -framerate 30 -i ile_%04d.png -c:v libx264 -crf 20 -pix_fmt yuv420p gbongan.mp4

Má yọ yuv420p kúrò, torí láìsí i, ọ̀pọ̀ fóònù àti tẹlifíṣọ̀n kì í ṣí fídíò tó ti ara PNG wá. 1920 ní 1080 tó. 4K jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin píkísẹ́lì, ìlọ́po mẹ́rin iṣẹ́ sì ni fún láptọ́ọ̀pù rẹ, fóònù wọn kò sì ní fi ìyàtọ̀ hàn.

Lórí WhatsApp, fi ránṣẹ́ bíi Document. Bí o bá fi ránṣẹ́ bíi fídíò, WhatsApp á fún un pọ̀, ìlà páànù tí a ṣiṣẹ́ lé lórí á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tàn yẹ́ríyẹ́rí. Fún àwọn tí dátà wọn kò pọ̀, ṣe ẹ̀dà kejì pẹ̀lú -crf 28 (bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ga tó ni fáìlì á ṣe kéré tó), kó jẹ́ 1280 ní 720. Ní ti tẹlifíṣọ̀n, gbé flash náà lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé, kí o sì wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn gan-an.